Kí Ìjíròrò Lè Ní Láárí Láàárín Àwọn Tó Ń Kọ Kóòdù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè yìí ni àwọn ádímìn àti ọmọ ẹgbẹ́ máa ń béèrè jù nínú àwọn gúrúpù tí a ti ń jíròrò kóòdù (ìtọ́ni tí a ń kọ fún kọ̀ǹpútà), sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn), dátábéèsì (ibi tí a ń tọ́jú dátà sí) àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ lórí WhatsApp, Telegram tàbí Discord. Ẹ lè kà á tẹ̀ léra, ẹ sì lè fò lọ síbi tó bá kàn yín. Ohun kan ni mo gbà gbọ́ tó wà nídìí gbogbo ìdáhùn mi: ó yẹ kí ọ̀rọ̀ wa máa parí sórí ohun tí ẹlòmíràn lè dán wò, tí yóò sì tún lè rí lọ́la.

Kí ló ń jẹ́ ìjíròrò tó ní láárí gan-an?

Èyí tí nǹkan kan bá jáde nínú rẹ̀ ni: ìṣòro tó yanjú, ìpinnu tí gbogbo wa mọ̀, tàbí iṣẹ́ tí a mọ ẹni tó gbà á ṣe. Àtẹ̀jíṣẹ́ igba lè wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan kí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kúkú kún agbọ̀n.

Àwọn tó ṣètò bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣiṣẹ́ ti rí èyí tipẹ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1969, nígbà tí Steve Crocker, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní UCLA, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, kọ èyí àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ ìwé tí a mọ̀ sí RFC (Request for Comments, ìyẹn ni pé a ń béèrè èrò yín), kò gbé e kalẹ̀ bí àṣẹ. Ńṣe ló ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun wá sọ èrò wọn. Nígbà tó di 1992, David Clark sọ níbi ìpàdé IETF, ẹgbẹ́ tó ń kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé náà, pé àwọn kò fẹ́ ọba, àwọn kò fẹ́ ààrẹ, àwọn kò sì fẹ́ ìbò. Ohun tí àwọn gbà gbọ́ ni ìfẹnukò tí kò pọn dandan kó pé pérépéré, àti kóòdù tó ń ṣiṣẹ́. Kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ bá ń ka ìyókù.

Ẹnì kan kọ "Ẹ kú àárọ̀ o, ṣé ẹ wà níbẹ̀?" ó sì dákẹ́. Ṣé ká dá a lóhùn?

Ẹ dá a lóhùn, kí ẹ sì fi ọ̀nà tó yá hàn án. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ ní òkè òkun máa ń ní kí a fo ìkíni, kí a kàn da ìbéèrè sílẹ̀. Ìyẹn ò lè bá wa lára mu. Ọmọ Yorùbá tó bá wọlé láìkí àwọn tó bá nílé, a ti ń wò ó bákan kó tó lanu. Ibi tí ìdádúró ti ń wá ni pé ẹni náà kí wa tán, ó wá ń dúró kí ẹnì kan jẹ́ "hẹn" kó tó sọ ohun tó gbé e wá. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá dé ní wákàtí méjì lẹ́yìn náà, kò ní rí nǹkan kan dáhùn.

Kí ìkíni àti ìbéèrè jọ wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo: "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo fẹ́ so Django mọ́ PostgreSQL, ohun tó ń gbé jáde fún mi rèé." Ó tán. (Django jẹ́ irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ìkànnì, PostgreSQL sì jẹ́ irú dátábéèsì kan.)

Ẹ̀gbọ́n "ṣé ẹ wà níbẹ̀" ni "Ta ló mọ Laravel níbí?" (irinṣẹ́ mìíràn tí a fi ń kọ ìkànnì). Kò sẹ́ni tó fẹ́ dáhùn irú rẹ̀, torí ẹni tó bá ní "èmi ni" ti gba iṣẹ́ tí kò mọ bó ṣe tóbi tó.

Báwo ni a ṣe ń gbé ìbéèrè kalẹ̀ kó lè rí ìdáhùn?

Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, ohun tí ẹ ṣe, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ dípò rẹ̀. Ẹ fi irú kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lò àti ẹ̀dà Python tàbí Node (àwọn ètò tó ń mú kóòdù ṣiṣẹ́) tó wà lórí rẹ̀ kún un. Ẹ da ọ̀rọ̀ àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà gbé jáde kọ bó ṣe wà, láìtúmọ̀ rẹ̀ àti láìgé e kù. Fọ́tò ojú láptọ́ọ̀pù tí wọ́n fi fóònù yà, tí iná gílóòbù ń tàn yanranyanran lórí rẹ̀, kò ṣeé dà kọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá ń wá irú àṣìṣe náà lóṣù tó ń bọ̀ kò lè rí i.

Ẹ dín kóòdù náà kù títí yóò fi ku ìwọ̀nba tó ṣì ń mú àṣìṣe náà jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí ẹ bá ti ń dín in kù lẹ máa ti rí ohun tó ń ṣe é, tí ẹ ò sì ní béèrè mọ́.

Ohun kan tún wà tó ń jẹ àkókò wa púpọ̀. Ẹnì kan béèrè bí òun ṣe lè gé lẹ́tà mẹ́ta tó kẹ́yìn orúkọ fáìlì. Èèyàn márùn-ún dá a lóhùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ọ̀nà tó yá jù. Ìrọ̀lẹ́ ló tó hàn pé irú fáìlì tó jẹ́ ló fẹ́ mọ̀, bóyá fọ́tò ni àbí ìwé. Lẹ́tà mẹ́ta ò sì lè sọ ìyẹn fún un nígbà gbogbo, torí jpeg ní mẹ́rin, py ní méjì. Kí ẹni tó fẹ́ dáhùn kọ́kọ́ béèrè pé, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ìbéèrè kékeré yẹn ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ àríyànjiyàn asán.

Kí ẹ tó lẹ fáìlì ètò yín mọ́ ìbéèrè, ẹ yọ páswọ́ọ̀dù àti àwọn kọ́kọ́rọ́ (ọ̀rọ̀ àṣírí tí ètò kan fi ń wọ inú òmíràn) kúrò nínú rẹ̀, pàápàá jù lọ kọ́kọ́rọ́ Paystack, ilé iṣẹ́ tó ń gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sk_live. Bí ó bá ti bọ́ sínú gúrúpù ná, pípa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́ kò tó. Ẹ lọ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè náà rọrùn jù. Ṣé kò tọ́ ká ní kó lọ wá a lórí Google?

Ẹ lè júwe ibi tí ìdáhùn wà, kò burú, tí ẹ bá júwe rẹ̀ dé ojú ẹ̀. "Lọ wá a" kò ran ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ wo ibi tí ìwé ìtọ́ni Django ti sọ̀rọ̀ nípa ForeignKey, ẹ ka apá on_delete" ràn án lọ́wọ́, ó sì tún fi hàn án bí òun náà ṣe lè wá a nígbà mìíràn.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn akọ̀kóòdù kan wà ní New York tí wọ́n ń pè ní Recurse Center. Wọ́n ní òfin ìbágbépọ̀ kéékèèké mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn sì ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bí ẹni tó yà lẹ́nu pé ẹnì kejì kò mọ nǹkan. Mo fẹ́ràn òfin yẹn ju gbogbo ìyókù lọ torí ó bá wa wí gan-an. "Háà! Ẹ ò mọ Git? Látọjọ́ tí ẹ ti ń kọ kóòdù?" (Git ni ètò tí a fi ń tọ́jú ìtàn àwọn àyípadà inú kóòdù.) Ẹni tó sọ ọ́ rò pé eré lòun ń ṣe. Ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí kì í béèrè nǹkan kan mọ́, àwọn ogún mìíràn tí wọn ò mọ Git náà sì ti rí ohun tí ojú ẹni tó béèrè rí.

Òfin wọn mìíràn kan ẹni tó máa ń já lu ọ̀rọ̀ láti tún ohun tí kò kan ìbéèrè ṣe. Ẹ̀yin náà mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú gúrúpù yín.

Ẹ̀gbọ́n kan dáhùn ìbéèrè, àmọ́ ìdáhùn náà kò tọ́. Ta ló máa sọ fún un, báwo ló sì ṣe máa sọ ọ́?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ gúrúpù wa ti ń fara gbọgbẹ́, a ò kàn kì í fẹ́ sọ ọ́ síta ni. Àgbà ti sọ̀rọ̀, gbogbo èèyàn dákẹ́. Ọ̀dọ́ tó mọ̀ pé ìdáhùn náà léwu lọ sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, ẹni tó béèrè sì gbé e sórí sáfà bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, ọ̀dọ́ náà á sọ ọ́ síta, àmọ́ á bu ẹ̀gàn lé e, ọ̀rọ̀ á wá kúrò lórí kóòdù bọ́ sórí ẹ̀kọ́ ilé.

Ká ní ẹ̀gbọ́n sọ pé MD5, ọ̀nà kan tí a ń gbà yí ọ̀rọ̀ padà sí àmì tí ojú lásán kò lè kà, ti tó láti fi tọ́jú páswọ́ọ̀dù àwọn oníbàárà. Ọdún 1992 ni MD5 jáde. Ní 2004, Xiaoyun Wang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé wọ́n lè ṣe dátà méjì tó yàtọ̀ síra tí MD5 wọn yóò jẹ́ ọ̀kan náà. Ní ti páswọ́ọ̀dù, èyí tó tún burú jù ni pé MD5 yára púpọ̀: kọ̀ǹpútà tó bá ní káàdì àwòrán tó lágbára lè dán ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù páswọ́ọ̀dù wò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Olè tó bá jí dátábéèsì yín gbé kò ní pẹ́ kó tó tú u. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kò ṣeé dákẹ́ lé lórí, ẹni yòówù kó sọ ọ́.

Bí mo ṣe fẹ́ kí ọ̀dọ́ náà kọ ọ́ rèé (hashcat ni ètò tó ń dán páswọ́ọ̀dù wò títí yóò fi tú u, bcrypt àti Argon2 sì ni àwọn ọ̀nà tí a dìídì ṣe kó lọ́ra láti fi tọ́jú páswọ́ọ̀dù): "Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Mo fi MD5 tọ́jú àwọn páswọ́ọ̀dù kan tó rọrùn lórí kọ̀ǹpútà mi, mo wá fi hashcat dán an wò. Èsì rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ yìí. Mo tún fi bcrypt ṣe é, èsì tìyẹn náà rèé. Kí lẹ rí sí i, sà?" Ó kí àgbà. Ó mú ohun tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe nílé ara rẹ̀ wá. Ó sì fi àyè sílẹ̀ kí àgbà lè fèsì láìjẹ́ pé ojú tì í. Hashcat ló tako ẹ̀gbọ́n, àbúrò kọ́.

Àmọ́ ọwọ́ àgbà gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí wà jù. Gbogbo wa la ń pa òwe "ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀" níbi ìpàdé, ẹ jẹ́ ká wá rí i nígbà tí ọmọdé bá mú èsì wá. Ẹ̀gbọ́n tó bá kọ ọ́ síta pé, "Òótọ́ ni o, ó ti pẹ́ tí mo ti yẹ èyí wò. Ẹ lo bcrypt tàbí Argon2," ti ṣe ju òfin mẹ́wàá lọ. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni lè sọ̀rọ̀ nínú gúrúpù náà.

Ní ti pé ta ni kí a máa pè ní "o", ta ni kí a máa pè ní "ẹ": ẹ lo "ẹ" fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó gbé àmì Arsenal síbi fọ́tò rẹ̀ lè jẹ́ bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta.

Kí ló dé tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kékeré ló máa ń gba gbogbo ọjọ́ wa?

Torí pé gbogbo èèyàn ló lè dá sí i. Ní 1957, ọ̀mọ̀wé ará Bìrìtìkó kan, C. Northcote Parkinson, ṣàpèjúwe ìgbìmọ̀ kan tó buwọ́ lu ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì kíákíá torí kò yé wọn, àmọ́ tí wọ́n jiyàn títí lórí ibi ìgbé-kẹ̀kẹ́-sí, torí kò sẹ́ni tí kò mọ kẹ̀kẹ́. Ní 1999, Poul-Henning Kamp fi ọ̀rọ̀ náà bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe FreeBSD, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, wí, láti ìgbà náà ló sì ti di ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn akọ̀kóòdù.

Ti wa ni: ṣé táàbù ni ká fi bẹ̀rẹ̀ ìlà kóòdù ni àbí àlàfo mẹ́rin? Níbo ni ká ti ṣí àkámọ́? Ọ̀nà àbáyọ tó dára jù ni kí a gba ìpinnu náà kúrò lọ́wọ́ èèyàn. Àwọn tó ń lo èdè Go ní gofmt, àwọn tó ń lo èdè Python ní Black, ètò tó ń to kóòdù ni méjèèjì. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ̀rọ máa tún kóòdù tò, kí ọ̀rọ̀ tán. Bí ọ̀rọ̀ kékeré mìíràn bá yọjú, kí ádímìn sọ pé, "Bó bá fi máa di aago mẹ́fà láìsí ẹni tó mú ìdí tó lágbára wá, èyí tí Ṣadé kọ́kọ́ dábàá la máa lò."

Báwo la ṣe ń dé ìpinnu? Ṣé ká máa dìbò ni?

Ìbò yá, àmọ́ ó máa ń fi àwọn tó pàdánù sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ti dáhùn ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ẹ wo Debian, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dà Linux (ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà). Ní oṣù Kejì ọdún 2014, ìgbìmọ̀ wọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ pín sí mẹ́rin-mẹ́rin lórí ètò tí yóò máa gbé kọ̀ǹpútà dìde. Alága ló fi ìbò tirẹ̀ gbé systemd, ọ̀kan nínú àwọn ètò náà, wọlé. Kí ọdún yẹn tó parí, àwọn tí kò tẹ́ lọ́rùn ti kéde Devuan, ẹ̀ka tiwọn tí kò lo systemd. Mi ò sọ pé ìpinnu náà burú. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìbò mẹ́rin sí mẹ́rin kò yí ọkàn ẹnikẹ́ni padà.

Ní ìpàdé IETF, wọn kì í fi kíka ọwọ́ ṣe ìpinnu. Alága lè ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn kùn, á tún ní kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn kùn, á sì fi etí sílẹ̀. Ìwé wọn kan, RFC 7282 tó jáde ní 2014, ṣàlàyé ìdí rẹ̀: ọgọ́rùn-ún èèyàn lè wà lẹ́yìn àbá kan kí márùn-ún takò ó, kí a má sì tí ì ní ìfẹnukò, bí kò bá sí ẹni tó dáhùn ohun tí àwọn márùn-ún náà sọ. Òdìkejì rẹ̀ náà lè rí bẹ́ẹ̀. Ìdí tí wọ́n mú wá ni wọ́n ń wò, wọn kì í ka orí. Bí ẹ bá rántí bí àwọn ìgbìmọ̀ àgbà kan nílé wa ṣe máa ń sọ ọ́ títí ẹnu á fi kò, ẹ ó rí i pé kò ṣàjèjì sí wa tó bẹ́ẹ̀.

Fún gúrúpù kékeré, ọ̀nà tí àwọn Apache, àjọ kan tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ètò ọ̀fẹ́, ń gbà ṣe é ni mo dámọ̀ràn. Ẹni tó ní àbá á kọ ọ́ síta. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn á kọ +1, ẹni tó bá takò ó á kọ -1. Bí ó bá jẹ́ àyípadà sí kóòdù, -1 tí kò bá ní ìdí tó jẹ mọ́ iṣẹ́ kò lè dí i lọ́wọ́. Wọ́n sì máa ń dúró fún wákàtí 72, ó kéré tán, kí wọ́n tó pa ọ̀rọ̀ dé. Ẹ má fojú kéré wákàtí yẹn. Nínú gúrúpù tiwa, ẹnì kan wà ní Ìbàdàn tí kò tí ì rí iná láti àná, ẹnì kan wà ní Houston tó ṣì ń sùn nígbà tí Èkó ti jẹun ọ̀sán. Ìpinnu tí a ṣe láàárín wákàtí méjì, ìpinnu àwọn tó ní iná ni.

Ta ló máa pa ọ̀rọ̀ dé? Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí a mọ̀ ṣáájú. Python fi ọ̀pọ̀ ọdún wà lábẹ́ Guido van Rossum, ẹni tó dá a sílẹ̀. Òun ló máa ń sọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn. Ní oṣù Keje ọdún 2018, lẹ́yìn àríyànjiyàn kíkorò lórí PEP 572, àbá tó mú àmì := wọ inú èdè náà, ó gba àbá ọ̀hún wọlé, ó sì kọ̀wé pé òun ò ṣe é mọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Láti 2019, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tí wọ́n dìbò yàn ló ń darí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó rẹ ádímìn yín débi yẹn kí ẹ tó pín iṣẹ́ náà.

Àríyànjiyàn ti di ìjà. Kí ni ádímìn máa ṣe?

Kó dá a dúró kó tó dá ẹ̀bi fún ẹnikẹ́ni. Telegram ní ètò tó ń mú kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró díẹ̀ kó tó lè kọ òmíràn. Ẹ tàn án fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, ẹ bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má ṣe é ní gbangba. Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kan bá wà nínú ìjà náà, ẹ tún un kọ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kí ìjíròrò máa lọ lórí ìyẹn.

Kí òfin sì mú ẹni ńlá náà. Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991, gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ó tọrọ àforíjì ní gbangba fún bó ṣe máa ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì gbé ìwé òfin ìwà tuntun jáde. Bí òfin bá lè kan òun, kò sí ọ̀gá nínú gúrúpù wa tó kọjá rẹ̀.

Ẹnì kan ń fipá tì wá kí a yára gba àbá rẹ̀. Ṣé ká gbà kó lè sinmi?

Rárá o. Ẹ gbọ́ ìtàn xz. Ètò kékeré kan ni, ó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, ó sì wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ sáfà Linux lágbàáyé. Lasse Collin ló ń tọ́jú rẹ̀ láìgba owó. Ní 2022, àwọn orúkọ kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n rí bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn: iṣẹ́ náà ń falẹ̀, ó yẹ kó fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kò sí iṣẹ́ kankan tí àwọn fúnra wọn ṣe níbẹ̀. Láàárín àkókò náà, ẹnì kan tó ń jẹ́ Jia Tan ń fi kóòdù tó dára ránṣẹ́, pẹ̀lú sùúrù, títí wọ́n fi fún un láṣẹ.

Ní 2024, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó lè jẹ́ kí àjèjì wọ sáfà ẹlòmíràn wà nínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Ẹni tó tú u fó ni Andres Freund, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí PostgreSQL. Ó ṣàkíyèsí pé wíwọlé nípasẹ̀ SSH, ọ̀nà tí a ń gbà wọ sáfà láti òkèèrè, fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó tọpa rẹ̀, ó sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá!

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń pariwo pé kí ẹ yára, ẹ wo ohun tó ti ṣe rí nínú iṣẹ́ náà. Bí kò bá sí nǹkan kan, ariwo rẹ̀ kì í ṣe ìdí. Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì dìde gbèjà ẹni tó ń fi àkókò rẹ̀ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ó ṣòro fún un láti gbèjà ara rẹ̀ kó sì tún máa ṣiṣẹ́ náà.

Àwọn kan ń da ìdáhùn AI sínú gúrúpù. Ṣé ká fòfin dè é?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ChatGPT jáde, Stack Overflow, ìkànnì tí àwọn akọ̀kóòdù ti ń béèrè tí wọ́n sì ń dáhùn ìbéèrè, ti fòfin dè é. Wọ́n ní àwọn ìdáhùn náà máa ń dà bí òótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ni kò tọ̀nà, wọ́n sì rọrùn láti kọ débi pé àwọn tó ń yẹ ìdáhùn wò kò lè kápá wọn.

Fún gúrúpù kékeré, òfin kan tó: ẹni tó bá gbé ìdáhùn wá gbọ́dọ̀ ti dán an wò fúnra rẹ̀, kó sì lè dáhùn bí a bá bi í ní ìdí. Ibi yòówù kó ti rí i. Ẹni tó bá ní "AI ló sọ bẹ́ẹ̀" kò tíì dáhùn ìbéèrè kankan.

Ọ̀pọ̀ èèyàn wà nínú gúrúpù tí kì í sọ̀rọ̀ rárá. Ṣé ìṣòro ni?

Kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìṣòro. Ọ̀pọ̀ wá kàwé ni. Ohun tó yẹ kí ẹ wádìí ni bóyá ẹnì kan wà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí a ti dí i lẹ́nu. Àwọn obìnrin tó wà nínú gúrúpù yín, ẹ bi wọ́n lọ́tọ̀ bóyá àwọn ọkùnrin kan ń lọ bá wọn lábẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá béèrè ìbéèrè. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ti mọ ìdí tí wọ́n fi dákẹ́, ẹ sì mọ àwọn tó yẹ kí ẹ yọ.

Ohùn tí a gbà sílẹ̀ náà máa ń lé èèyàn sá. Ohùn oníṣẹ́jú mẹ́fà ń jẹ dátà, ẹni tó wà níbi iṣẹ́ kò lè gbọ́ ọ, ó sì ṣòro láti wá ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́.

Ṣé a lè fi Yorùbá jíròrò kóòdù?

A ti ń ṣe é. Ẹ sọ àlàyé ní Yorùbá, ẹ fi orúkọ ètò àti ọ̀rọ̀ àṣìṣe sílẹ̀ bí kọ̀ǹpútà ṣe kọ ọ́, kí ẹni tó bá ń wá a lè rí i. Python 3 tilẹ̀ gbà kí ẹ fi ọjọ́ tàbí ẹ̀kọ́ ṣe orúkọ nínú kóòdù, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì wéra nínú kóòdù: ọ́ lè wọlé ní oríṣi ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ, tí ojú á rí i bákan náà, tí kọ̀ǹpútà á sì ní wọ́n yàtọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi unicodedata.normalize, irinṣẹ́ kan nínú Python, sọ méjèèjì di irú kan. Ìbéèrè yìí nìkan ti tó gúrúpù jíròrò fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí la lè ṣe?

Ìdáhùn tó wà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti rì sísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa wà á jáde. Àṣà tí mo rò pé ó dára jù ni èyí: ẹni tó béèrè, tí ìṣòro rẹ̀ sì yanjú, òun ló máa kọ ìsọníṣókí rẹ̀. Òun ló mọ ibi tó ti dà á lójú rú, òun ló sì jẹ gbèsè ìdúpẹ́. Ìlà bíi mẹ́rin tó: ìṣòro náà, ohun tó fà á, ohun tó yanjú rẹ̀, àti ọjọ́ tí a kọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀dà ètò tí a lò. Ọjọ́ àti ẹ̀dà ṣe pàtàkì, torí ohun tó ṣiṣẹ́ ní Django 2 lè má ṣiṣẹ́ ní Django 5.

Ẹ kó àwọn ìsọníṣókí náà sí ojú kan tí gbogbo èèyàn lè ṣí, GitHub (ìkànnì tí a ń tọ́jú kóòdù sí) ni mo fẹ́ràn, kí ẹ sì lẹ líǹkì rẹ̀ mọ́ òkè gúrúpù. Bí ó bá jẹ́ ìpinnu lẹ ṣe, ẹ kọ àwọn àbá tí ẹ kọ̀ sílẹ̀ náà àti ìdí tí ẹ fi kọ̀ wọ́n, bí àwọn Python ṣe máa ń ṣe nínú PEP, ìwé àbá wọn. Bí ẹni tuntun bá wá gbé àbá kan náà dé lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ fún un ní líǹkì náà, kí ẹ sì bi í bóyá ó ní ìdí tí kò sí níbẹ̀. Bí ó bá ní, ẹ tún ọ̀rọ̀ náà ṣí.